Ẹ Má Pè É Ní Ìyàwó

Ẹjọ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ pè lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "ìyàwó".

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, tí a sì ń kà á nínú ìwé ìròyìn, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, pé "ìyàwó Boko Haram" kan sá àsálà, pé àwọn ṣọ́jà kó "àwọn ìyàwó" jáde láti inú igbó Sambisa, pé "ìyàwó" kan pọn ọmọ dé ẹnu bodè Maiduguri. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ìyàwó yìí, wọn á ní ọmọ ọdún 16 ni. Ẹ béèrè iye ọdún tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e nílé bàbá rẹ̀, wọn á ní 13. Òǹkàròyìn á sì máa bá tirẹ̀ lọ sórí ìròyìn bọ́ọ̀lù. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, n kò lè bá tèmi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Àìbalẹ̀ ọkàn tó ń bá àwọn ọmọdébìnrin tí ogun sọ di ìyá ní Borno, ní Yobe àti ní Adamawa fínra, kì í ṣe inú igbó nìkan ni wọ́n ti gbé e wá. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, àwa tí a wà nílé la fi ẹnu wa dá a sílẹ̀, tí a sì fi ìṣe wa bọ́ ọ dàgbà. Ọ̀rọ̀ "ìyàwó" yìí wà lára irinṣẹ́ tí a fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí a ṣe máa ń ṣe nínú kíláàsì. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé Ọ̀rúnmìlà lọ fẹ́ ọmọ Olúwòó ní ìlú Ìwó, pé wọ́n fi ìyà oríṣìíríṣìí dán an wò kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́, àti pé láti ara "ìyà Ìwó" tó jẹ yìí ni "ìyàwó" ti jáde. Bóyá àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò gbà bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò ní gbà, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí ìtàn náà fẹ́ kí a mọ̀ ni mo mú dání: ọkọ ló jẹ ìyà. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ rí màbo, kì í ṣe ọmọ tí ó ń gbé.

Lẹ́yìn èyí ni ètò. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó níwájú mi ló lè kà á láìwòwé: ìfojúsóde, alárinà, ìwádìí, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, kí a tó wá dé ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Ní apá Ọ̀yọ́, ọmọ náà yóò sun ẹkún ìyàwó, yóò dágbére fún bàbá àti ìyá, yóò sì gba ìwúre lẹ́nu wọn. Ẹ wo inú Sambisa, kí ẹ sọ fún mi èwo nínú gbogbo èyí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìbọn ni alárinà. Wọ́n dáná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé bàbá ọmọ ni wọ́n dáná sun. Ẹkún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í kàn ṣe èyí tí a ń fi orin sun.

Èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a jí gbé ni. Ẹni ìgbèkùn ni. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe sí i, ìfipábánilòpọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń júwe ilé aládùúgbò. Nígbà ogun abẹ́lé tiwa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun wa náà kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú, wọ́n sì fi nínú wọn ṣe aya. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ní Òṣoògùn, kì í sì í ṣe Òyìnbó ló wá kó wọn nínú ilé. Àwọn tó ṣẹ́gun náà ló sì ń ṣọ ohun tí a óò máa pe ẹni tí wọ́n kó. Àṣà àtijọ́ ni, mo mọ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di àṣà rere.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ń di ìtàn lójú rẹ̀, Maiduguri ni ogun náà ti gbiná ní oṣù keje ọdún 2009. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kó ọmọ 276 ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn obìnrin ní Chibok. 57 nínú wọn já bọ́ láìpẹ́ sígbà náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú àwọn tó kù, ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ọmọ oṣù mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n tún kó ọmọ 110 ní Dapchi ní ìpínlẹ̀ Yobe. Wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n mú Leah Sharibu dúró nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn tí ayé mọ orúkọ ìlú wọn nìyẹn. Ní Damasak, ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ọmọ tó tó 300 ni wọ́n há mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì kó lọ. Àwọn mélòó nínú wa ló gbọ́? Àwọn tí wọ́n kó ní abúlé Bama àti Gwoza, ní ẹyọ ẹyọ, ní méjì méjì, tí ẹnikẹ́ni kò gbé pátákó dání nítorí wọn, wọ́n pọ̀ ju ti Chibok lọ fíìfíì.

Àwọn wọ̀nyí ló di ìyá. Kí ni ó wá ń ṣe wọ́n?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ nínú ẹbí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ lò yìí. Ìjayà a máa wá lójijì, á sì lọ: ìbọn dún, àyà já, ó tán. Ìbẹ̀rù ní ohun tó dojú kọ: a ń bẹ̀rù ejò, a ń bẹ̀rù olè. Àníyàn ló burú jù, nítorí pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni ó fi ń jẹ ènìyàn run. Ẹ wá gbé èyí ka àyà ọmọ ọdún 16 tó ní ọmọ lọ́mú. Oorun kò kun ojú rẹ̀. Bí alùpùpù bá kọjá, ọkàn rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, nítorí orí alùpùpù ni àwọn tó gbé e gùn wá. Ọmọ ké, kàkà kí ó fi ọmú sí i lẹ́nu, ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ fi bò ó lẹ́nu, nítorí pé lójú ọ̀nà tí ó gbà sá, ẹkún ọmọ lè pa tìyátọmọ. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀. Ọmọ á máa wo ojú ìyá rẹ̀, kò ní rí ẹ̀rín níbẹ̀, òun náà á sì kọ́ àìrẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́ ṣe ìṣirò pé nínú ènìyàn márùn-ún tó ń gbé níbi tí ogun ti jà, ẹnì kan ni àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ ń bá jà. Àníyàn wà lára àwọn tó gba iwájú.

Bí mo bá ti sọ báyìí, òwe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ewu ti kọjá, ẹ̀rù ló kù lára ọmọ, kí ó máa gbàdúrà, kí ó sì gbàgbé. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi í pa. Ekòló kọ́ ni ọmọ yìí ń rí. Ejò ni. Ejò náà kàn bọ́ awọ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, UNICEF àti àjọ kan tí ń jẹ́ International Alert gbé ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn ará ìlú ṣe ń gba àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Borno. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nìyẹn: pé ẹ̀jẹ̀ bàbá ń ṣàn lára ọmọ, pé bó pẹ́ bó yá, ọmọ yóò jagun bíi bàbá rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe àwọn ìyá wọn ní annoba. Àjàkálẹ̀ àrùn ni annoba ní èdè Hausa. Ẹ jẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n jí gbé, tí ó sá àsálà, tí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú iyanrìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó dé ìlú ìyá rẹ̀, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ló dé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá lè sùn lóru, ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni, àbí ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí?

N kò ní ṣe bí ẹni pé ìbẹ̀rù ará ìlú kò nídìí. UNICEF kà á pé láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ ọdún 2017 nìkan, ọmọdé 83 ni wọ́n di bọ́ǹbù mọ́ lára ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Nínú wọn, 55 jẹ́ ọmọbìnrin tí ọ̀pọ̀ wọn kò tó ọmọ ọdún 15. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n so mọ́ ọmọbìnrin kan lára. Ẹni tó bá ń tajà ní Maiduguri nígbà náà, tí ó rí ọmọdébìnrin tó pọn ọmọ tí ń bọ̀, n kò lè bá a wí pé ó sá. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọdún yẹn ni ọjà dé ibi tí orí ọmọ tuntun wọ́, tí àgbà sì ń sá fún un. Ṣùgbọ́n kí ni a máa ń gbàgbé? Àwọn 55 náà ni wọ́n kọ́kọ́ pa. A kì í so bọ́ǹbù mọ́ ara ẹni tí a bá kà sí aya.

Ẹ wo àwọn tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n. Nínú ìwádìí tí Amnesty International gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ọmọbìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ Boko Haram sọ pé bí àwọn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà, àhámọ́ ni wọ́n sọ àwọn sí láìgbé àwọn dé ilé-ẹjọ́. Ó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ fún àwọn kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 2016, àjọ náà ti kọ́kọ́ kígbe pé àwọn ọmọ ọwọ́ ń kú nínú àhámọ́ ní bárékè Giwa ní Maiduguri. "Ìyàwó ọ̀tá" ni wọ́n, ṣé ẹ rí i? Bí ẹ bá pè é ní ọmọ tí wọ́n jí gbé, ilé ni ẹ óò mú un lọ. Bí ẹ bá pè é ní ìyàwó, ẹ̀wọ̀n ló kàn.

Lẹ́yìn àhámọ́ ni àgọ́ ogunléndé. Ní ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn àgọ́ tó wà ní Maiduguri pa, kí àwọn ènìyàn lè padà sí ìlú wọn. Ẹni tó ní ilé, tó ní ẹbí tó ń dúró dè é, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún un. Ọmọ ọdún 17 tí wọ́n ti pa bàbá rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kó gbé ọmọ "wọn" jù sílẹ̀ kó tó wọlé, ìlú wo ni kó padà sí? Àwọn kan nínú wọn ti dá ara wọn lóhùn: wọ́n padà sínú igbó. Àwọn oníròyìn pariwo nígbà náà pé "ìfẹ́ ọkọ" ló fà á. Ìfẹ́ kẹ̀! Ẹni tó bá fi igbó Sambisa sàn ju ilé bàbá rẹ̀ lọ, ẹ má bi í léèrè nípa igbó, ẹ bi í léèrè nípa ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń bá jà, kí ó ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sí abala 29. Níbi tí ó ti ń sọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, ọdún 18 ni ó kà sí àgbà. Lójú kan náà, ó fi kún un pé obìnrin yòówù tó bá ti wọ ilé ọkọ, àgbà ni. Ní oṣù keje ọdún 2013, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbìyànjú láti yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ó já wọn lọ́wọ́. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kíkọ ìlú sílẹ̀ nìkan ni abala náà ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo èrò tó wà nídìí rẹ̀: sọ ọmọdé di ìyàwó, ọmọdé ti tán. Kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè pé ìwé kíláàsì wo ni ó ń kà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e.

Àwọn adájọ́ níbòmíràn ti rí ohun tí àwa kò rí. Ní Sierra Leone, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Sàró, ogun jà láti ọdún 1991 títí di 2002, "ìyàwó inú igbó" ni wọ́n sì ń pe àwọn ọmọbìnrin tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kó. Ní oṣù kejì ọdún 2008, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ilé-ẹjọ́ pàtàkì tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ogun náà là á mọ́lẹ̀ pé fífi ipá sọni di ìyàwó, ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn ni. Wọ́n sì rí i pé orúkọ "ìyàwó" náà fúnra rẹ̀ wà lára ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí àwọn ọmọ yẹn lára, nítorí òun ni ó mú kí àwọn ará ilé wọn kọ̀ wọ́n. Ní ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé ní Hague dá Dominic Ongwen, ọ̀gá ogun LRA ti Uganda, lẹ́bi lórí ẹ̀sùn yìí kan náà àti lórí ẹ̀sùn fífi ipá muni lóyún. Ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ni wọ́n sọ ọ́ sí. Àwọn adájọ́ Hague lo òfin láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ajínigbé. Àwa ń lo rédíò láti fi dá a padà fún wọn.

Mo gbọ́ ohùn àwọn alátakò. Ẹnì kan ní àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà sọ fún oníròyìn pé àwọn fẹ́ràn ọkọ àwọn. Ọmọ tí wọ́n gbé ní ọdún 13, tí ẹni tó gbé e ló ń fún un lóúnjẹ, tí òun náà ló lè pa á tàbí kó dá a sí, kí ni ẹ fẹ́ kó sọ? Bí ẹrú bá yin olówó rẹ̀, ṣé ìyẹn sọ oko ẹrú di ilé àna? Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè Ọya ni, kí ló kan Yorùbá. Ṣebí àwa la sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru? Yàtọ̀ sí èyí, èdè tí wọ́n fi ń ka ìròyìn ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́ kì í ṣe Kanuri. Ẹnu wa la fi yan ọ̀rọ̀ yìí, àwa ni yóò sì jẹ́jọ́ rẹ̀.

Àwa olùkọ́ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín ló ti kọ́ ọmọ ní eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ẹ mọ ibi tí kíláàsì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́: ibi tí Adétutù, ẹrú tó lóyún, ti gba ìdájọ́ ikú nítorí oyún inú rẹ̀. N kò tíì kọ́ ìwé yẹn rí kí ọmọ kan má fi omi ṣe ojú. Ẹrú ni, ọmọdé ni, oyún rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí agogo bá ti lù, tí a jáde kúrò ní kíláàsì, kí ni a ń ṣe? Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan síta níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kó máa gbé oyún rẹ̀ lọ sílé. Mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe ìdánwò rẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pé yóò ko èèràn ran àwọn yòókù. Èèràn! Annoba nìyẹn ní èdè Yorùbá, kò sì sí ogun kankan ní ìlú wa.

Sàró tún ṣe irú èyí lẹ́yìn ogun wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ìjọba wọn kéde pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kò gbọdọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní láti dá wọn lẹ́bi ní oṣù kejìlá ọdún 2019 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ọdún márùn-ún! Ọmọ tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní gírámà nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó ti tó parí kí wọ́n tó gbé e kúrò.

Ìwòsàn wá ńkọ́? Títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun, òfin tí a fi ń tọ́jú ọpọlọ ní Nàìjíríà, òfin wèrè ni orúkọ rẹ̀ láti ayé ìjọba amúnisìn. Ẹ tún rí i, orúkọ ni. Ta ni yóò mú ọmọ rẹ̀ tí kò rí oorun sùn lọ síbi tí òfin ti ń pe gbogbo ẹni tó bá wọlé ní wèrè? Mo mọ̀ pé òfin nìkan kò tó, àwọn dókítà ọpọlọ tí a ní kò sì tó nǹkan nínú orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí. Ṣùgbọ́n ní Zimbabwe, ní ọdún 2006, dókítà kan tí ń jẹ́ Dixon Chibanda kó ìyá àgbà 14 jọ ní àdúgbò Mbare ní Harare. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fi etí sílẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì gbé wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Wọn kò pe àìsàn náà ní orúkọ òyìnbó kankan. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona, ìyẹn ni àròjù. Ẹni tó bá ní "àròjù ń ṣe mí" kò ní ohun ìtìjú kan lọ́rùn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé àwọn tó jókòó ti àwọn ìyá àgbà náà rí ìrọ̀rùn ju àwọn tó gba ìtọ́jú gbogbogbòò nìkan lọ. Borno ní ìyá àgbà. Kanuri àti Hausa ní ọ̀rọ̀ fún àròjù.

Ohun tí a ń fún wọn dípò èyí ni ẹ̀rọ ìránṣọ. N kò ní kí a má fún wọn. Ẹni tí ebi ń pa, àníyàn rẹ̀ kò lè lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọmọ tí wọ́n gbé ní tábìlì ìwé, nígbà tí ó bá padà, abẹ́rẹ́ la máa ń nà sí i. Kò sí ẹni tó máa ń bi í bóyá tábìlì yẹn ni ó fẹ́ padà sí. Ìyàwó ni, àbí? Ìyàwó kì í lọ sílé-ìwé. Ibi tí ẹnì kan yóò ti bá a gbé ọmọ dání fún wákàtí mẹ́rin, kí òun náà lè jókòó ní kíláàsì, yóò sàn fún àyà rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ, nítorí pé yóò ní ọ̀la mìíràn láti máa rò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóòtú ìròyìn Yorùbá, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ̀yin òǹkọ̀wé tí ẹ bá fẹ́ fi ogun yìí kọ ìtàn àròsọ, mo ń bẹ̀ yín, mo sì tún ń bá yín jà: "ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé" kò gùn jù fún ẹnu. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó sì ku ohun kan tí ó kan àwa olùkọ́ tààrà. Ọmọ tí wọ́n bí nínú igbó ní ọdún 2015 ti tó ẹni tí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà náà ti di àgbà obìnrin. Ogun ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní Borno, wọ́n sì ti tàn dé gbogbo ìlú ńlá Nàìjíríà, tiwa náà kò yọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, yóò mú ọmọ rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ fọ́ọ̀mù tí a máa nà sí i. Lẹ́yìn orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ohun tó kàn ni orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, ìlú bàbá. Ìlà mẹ́ta. Yóò mú bíró dání, akọ̀wé yóò sì ní kó yára, èrò pọ̀ lẹ́yìn. Mo rọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn tó wà ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n pa ìlà mẹ́ta náà rẹ́, kí wọ́n kọ "òbí tàbí alágbàtọ́" síbẹ̀, kí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sì tó. Owó ìtẹ̀wé lásán ni yóò ná wọn, wọ́n sì lè fi èyí tí wọn yóò tẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀.